Wọ́n Ní Ọwọ́ Bàbá Ṣì Ń Hun

Bàbá Àlàárì kú sídìí òfì. Ẹ má tíì sọ pé ikú rere ni ikú tó bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Òfì tí mò ń wí yìí, kùkùté igi irú kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìpàpó, níbi tí ilé ti tán tó ku koríko gbígbẹ àti afẹ́fẹ́. Bàbá tú àpò ajílẹ̀ kan tí àgbẹ̀ kan sọ nù ní fọ́nrán-fọ́nrán. Wọ́n so orí fọ́nrán náà mọ́ kùkùté, wọ́n gbé òkúta lé e kí ó lè le, wọ́n fara ti ebè, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe máa ń nà án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni òtútù ọyẹ́ bá wọn.

Success ló rí wọn láàárọ̀. Ọlọ́kadà ni Success, ó ń gbé èrò lọ sí Ìpàpó. "Mo kí wọn ní ẹ kú iṣẹ́," ni ó sọ fún wa. "Wọn ò dáhùn. Mo ní bóyá àgbà ń ka òwú ni, wọn ò fẹ́ kó dàrú mọ́ wọn lójú. Mo gbé èrò mi dé Ìpàpó, mo padà. Bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ náà ni mo bá wọn."

Igi pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n dì í mú bí ẹni di ọ̀kọ̀ mú, ọ̀kọ̀ tí à ń jù láti ọ̀tún sí òsì láàárín òwú. Ó gba ipá kí a tó lè gbà á lọ́wọ́ òkú.

Bàbá tó bí màmá mi ni wọ́n. Yẹ̀kínì Ládòkun ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe Yẹ̀kínì ní àdúgbò wa, ewúrẹ́ nìkan ló máa yíjú wò yín. Bàbá Àlàárì ni gbogbo ayé mọ̀. Èmi ni Misturat, mò ń ṣe POS ní oríta tó kọjú sí àtíbàbà ẹgbẹ́ ahunṣọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pè mí ní ẹlẹ́nu méje. Wọ́n ṣì í kà, méjìlá ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo sì fẹ́ lò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, nítorí àwọn tó sọ̀rọ̀ nídìí fídáù wọn ò sọ ọ́. Bí Bàbá bá hun àlàárì, aṣọ pupa yẹn, tí ẹ tẹ́ ẹ sórí àga, ẹ lè pa gílóòbù yàrá náà, ẹ ṣì máa ríran ka lẹ́tà. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Òkèhò, ahunṣọ tí Bàbá ò bá kọ́, Bàbá ló kọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ jókòó sídìí òfì, tí àwọn kan ń sọ pé òfì ọkùnrin ni, obìnrin ò gbọdọ̀ nasẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn níta gbangba, Bàbá ló dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Òwú ò mọ ọkùnrin, òwú ò mọ obìnrin. Onísùúrù ni òwú mọ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n rọra fi kún un pé, "Ìwọ ò sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n jókòó ná."

Lábẹ́ fìlà ni wọ́n máa ń tọ́jú súìtì sí. Bí mo bá so òwú tó já kan láìjẹ́ kí kókó rẹ̀ hàn, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á mú súìtì kan jáde, gbígbóná, ó ti fẹ́ yọ́, ó ń rùn bí ìpara orí. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó o láyé mi. Mo ti jẹ kéèkì Ìbàdàn o.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ àpótí.

Ẹgbẹ́ Ọwọ́lérè ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwa ahunṣọ àdúgbò wa. Lábẹ́ àtíbàbà wọn ni àpótí onígi kan wà tí à ń pè ní àpótí àgbà. Àṣà wa ni pé bí ahunṣọ bá ti ta aṣọ, kó tó ra ẹran lọ sílé, á kọ́kọ́ ju nǹkan sínú àpótí náà, nítorí ọjọ́ tí agbára bá tán. Bàbá ti ń ju owó síbẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti dúdú títí ó fi funfun bí òwú tí kò tíì rí aró. Òfin àpótí ọ̀hún wà lára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNI TÍ ỌWỌ́ RẸ̀ KÒ BÁ LÈ HUN MỌ́, ÀPÓTÍ YÓÒ BỌ́ Ọ.

Òfin tó dùn-ún kà. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n bọ́ ọ. Ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí apá rẹ̀ kán, wọ́n bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ máa dúró, tí orí máa lọ.

Orí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tó ń ṣá. Wọ́n kọ́kọ́ ń pè mí ní Rábí. Rábí ni àbúrò wọn obìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí màmá mi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kí ìrun Àsárì tán, wọ́n á tún ṣe àlùwàlá, wọ́n á tún kí i. Màmá mi á ní, "Bàbá, ẹ ti kí i." Wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ ni Ọlọ́run tó ń gbà á ni?" A rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ẹ̀rín ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìrìn ni kò jẹ́ ká rí ẹ̀rín rín mọ́. Ní àdúgbò wa, ẹ mọ̀ pé òwú kì í wà lójú kan. Láti ìdí òfì la ti ń ta á lọ gbọọrọ gba àgbàlá kọjá, òkúta á wà ní ìkángun rẹ̀ tó ń fà á le. Bí Bàbá bá ti rí òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ báyìí, ní ilé ẹnikẹ́ni, wọ́n á tẹ̀ lé e bí ọmọ adìẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, títí wọ́n á fi já sí ìdí òfì onítọ̀hún. Wọ́n á ní kó dìde, pé ibùjókòó àwọn ni. Àwọn kan dìde fún wọn. Àwọn kan tì wọ́n.

"Arán ni," àwọn aládùúgbò ń wí. "Àgbà ń ṣarán, kí ló tún kù?" Dókítà tí a gbé wọn lọ bá ní Ìbàdàn ní kì í ṣe arán lásán, àìsàn ni. Ó pe orúkọ kan tó gùn ju ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn lọ, tó sì ní kòtò jù ú lọ. Ó ní ọpọlọ wọn ló ń kú níwọ̀n-níwọ̀n. Kò sí oògùn tó lè jí i, oògùn kan wà tó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ju oògùn lọ ni kí ẹnì kan máa wà pẹ̀lú wọn tọ̀sán-tòru.

Màmá mi béèrè pé, "Ta ló máa sanwó ẹni náà, dókítà?"

Dókítà kọ orúkọ oògùn sínú ìwé, ó nà án sí i. Orúkọ ẹni tó máa sanwó ò sí níbẹ̀.

Màmá mi san án. Ó ta ewúrẹ́, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ta yẹtí wúrà tí bàbá mi fi fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tọ́jú irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ máa rò pé oògùn ló ń jẹ owó. Ẹ ò tíì ra pámpà àgbàlagbà. Léèsì Dubai ò wọ́n tó o, léèsì ẹ sì lè tún un wọ̀. Nígbà tó yá, màmá mi bẹ Àǹtí Olúwaṣọlá, tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, pé kó máa wá bá Bàbá jókòó lọ́sàn-án kí òun lè ráyè lọ sọ́jà, kí òun lè rówó san fún Àǹtí Olúwaṣọlá. Ẹ tún un kà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí.

Bàbá ní ọmọkùnrin o. Bàbá Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ń bẹ ní Ṣakí, ó ń ta oògùn apakòkòrò fún àgbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ bí ó ṣe ń sunkún lórí fóònù, ẹ máa rò pé àwọn kòkòrò ni wọ́n ń ta òun náà.

"Àwáwù, ọjà ò lọ," ni ó wí fún màmá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ni o."

"Mo mọ̀ pé Bàbá ni. Ká ṣáà máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ màmá mi, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ bá wa fi àdúrà náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì. POS mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọmọ burúkú ní ẹ̀ka ìdílé Ṣakí.

Àǹtí Olúwaṣọlá ló wá rí ohun tí gbogbo wa ò rí. Òfì àtijọ́ Bàbá ṣì wà lẹ́hìnkùlé, adìẹ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó lé adìẹ, ó nu igi rẹ̀, ó ní kí n ta òwú sí i, ó mú Bàbá jókòó. Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ọwọ́ ọ̀tún sí tòsì bí ẹyẹ tó mọ ilé. Ìrìn-àrìnkiri tán. Igbe tán. Wọ́n ń hun láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa ń wọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn.

Òwú àjẹkù ni mo ń tọrọ kiri fún wọn, aláwọ̀ oríṣiríṣi, nítorí náà aṣọ tó ń jáde ń jọ ìgbà tí adìẹ méje bá jà. Aláṣọ kankan ò lè rà á. Ṣùgbọ́n ó gún régé, ojú rẹ̀ ò dí, kò sì la. Nírọ̀lẹ́ kan tí mo ń so òwú tó já, Bàbá tẹjú mọ́ ọwọ́ mi.

"Ọmọ, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó báyìí?"

Mo ní, "Bàbá mi àgbà ni."

Wọ́n mi orí. "Ó mọṣẹ́. Bá mi kí i."

Owó tán. Oògùn ti ń di ọ̀sẹ̀ kan ó wà, ọ̀sẹ̀ kan kò sí. Màmá mi lọ bá ẹgbẹ́ pé kí àpótí àgbà wá bọ́ àgbà. Ẹgbẹ́ ní àwọn máa wá wo Bàbá. Alága Adégbénró ló ṣáájú, agbádá méjì tí èèyàn wà nínú wọn tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i pé n kò ní fi "wọ́n" pe Alága nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀wọ̀ àgbà tó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá ni mo ti ná an tán fún.

"Bàbá, ẹ kú ilé o," ni Alága wí. "Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ ọ́ dáadáa," ni Bàbá dáhùn. "Ìwọ lo jí àgùntàn mi."

Àwọn agbádá rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rín in jù, títí màmá mi fi já mi léèékánná. Alága ò rín tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé Bàbá sídìí òfì.

Àǹtí Olúwaṣọlá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ọwọ́ ni àìsàn náà wà. Orí ni."

"Nọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ ahunṣọ lèyí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ dókítà."

Bàbá jókòó. Wọ́n hun. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ohun kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé nìyẹn. Alága bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ọwọ́ yìí ṣì ń hun. Ọwọ́ yìí dára ju tèmi lọ."

Màmá mi kúnlẹ̀. "Alága, ẹ gbà mí. Bàbá yìí ò mọ̀ pé ọmọ àwọn ni mí."

"Ìyá Misturat, ẹ dìde. Òfin ò sọ pé ẹni tí kò bá mọ ọmọ rẹ̀. Òfin ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè hun. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá kọ̀, ẹ wá."

Ṣé ẹ gbọ́? Ọjọ́ tí ọwọ́ bá kọ̀. Ṣé ọwọ́ ló ju owó sínú àpótí ni, àbí èèyàn? Ṣé ọwọ́ ló ń jẹun, ṣé ọwọ́ ló ń tọ̀ sára, ṣé ọwọ́ ló ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé nígbà tó wà nílé? Gbogbo ohun tó jẹ́ Bàbá ló ti lọ tán, ẹgbẹ́ mú ìka mẹ́wàá tó kù, wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó ṣe é.

Gbólóhùn Alága yẹn ló pa Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe pa wọ́n. Màmá mi sọ ọ́ fún Bàbá Rùkáyàt lórí fóònù. Bàbá Rùkáyàt tí kò rówó epo wá kí bàbá rẹ̀ láti Iléyá dé Iléyá, ó dé lọ́jọ́ kejì tòun ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti ronú. Ó ní bí kò bá sí òfì, ọwọ́ á gbàgbé. Bí ọwọ́ bá gbàgbé, àpótí á ṣí. Ó ní kí wọ́n gbé òfì náà jáde.

Àǹtí Olúwaṣọlá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń yọ òpó ilé kí ẹ lè fi dáná."

Èmi pariwo. Ta ló ń gbọ́ ti ọmọ burúkú? Màmá mi jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ ti gbẹ bí ẹja gbígbẹ tó ti ilẹ̀ Hausa dé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi níwájú mi. Nígbà tí wọ́n ń tú òfì, Bàbá di etí aṣọ náà mú, wọ́n ń bẹ àwọn tó ń gbé e. "Ẹ dákun, kò tíì parí. Oníbàárà ń bọ̀. Kò tíì parí." Alágbàáṣe kan rọra ṣí ìka wọn kúrò lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́ sí i, màmá mi padà sábẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́. Mo ti oríta mi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Alága, ọwọ́ wọn ò hun mọ́."

"Ta ló rí i?"

"Wọn ò tíì fọwọ́ kan òwú láti ọjọ́ yìí. Kò sí òfì nílé."

"Bí kò bá sí òfì nílé, kí la máa fi dán wọn wò? Ẹ lọ gbé òfì wá."

Òfì dà? Bàbá Rùkáyàt ti tà á ní Ṣakí. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ó ní owó epo tó fi wá gbé e ni ó fi dí.

Láti ìgbà yẹn, ìrìn padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí Olúwaṣọlá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wa títí ilé-ìwé fi lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó. Ó sunkún, a sunkún, ó lọ. Ó wá ku kí màmá mi lọ sọ́jà, kí èmi lọ sí oríta, kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá. Àgádágodo ti bàjẹ́, okùn la fi so ó. Okùn o, nílé ahunṣọ. Kò sí kókó tí ẹ̀dá so tí ìka Bàbá Àlàárì ò lè tú. Wọ́n na ọwọ́ gba àlàfo ilẹ̀kùn, wọ́n tú u, wọ́n tilẹ̀ ká okùn náà dáadáa, wọ́n gbé e sórí àga. Wọ́n jáde lọ wá òwú tí wọ́n máa tẹ̀ lé. Ilé tí wọ́n bá yà, wọ́n ń lé wọn. Ilé tán, wọ́n kan koríko. Òru yẹn ni a fi ń wá wọn kiri àdúgbò.

Nígbà tí àwọn tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n ṣí fìlà lórí wọn, súìtì kan jábọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò mọ orúkọ mi mọ́. Ta ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún?

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ nígbà tí Bàbá kú tán. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àpótí àgbà lanu. Ó la á gbàgà bí ọ̀nì. Kánópì tí wọ́n ta lọ́jọ́ kẹjọ fún fídáù, bí ẹ bá dúró lábẹ́ rẹ̀ ní ìkángun kan, Ìgbòho lẹ máa bá ara yín ní ìkángun kejì. Màlúù tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà wa tóbi débi tí Success fi bi mí léèrè bóyá ó ní nọ́ńbà ọkọ̀. Owó màlúù yẹn nìkan tó san owó Àǹtí Olúwaṣọlá títí di àwẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wo màlúù, màlúù wò mí, mo rò pé ojú ti òun náà.

Wọ́n wá gbé àwòrán Bàbá kọ́ sára ògiri, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: Ọ̀GÁ AHUNṢỌ, A KÒ NÍ GBÀGBÉ YÍN LÁÉLÁÉ. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wọn, tí ẹ mọ àìsàn wọn, tí orí yín pé, tí ẹ gbàgbé wọn tàn-án-ràn? Ẹni tó gbàgbé nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ń kú, mo mọ orúkọ tí dókítà ń pè é. Ẹni tó gbàgbé tí ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé, kí là ń pe ìyẹn?

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn agbádá pé òfin wo ni wọ́n fi ṣí àpótí. Ó ní, "Ọmọ yìí, ẹni tó ti kú, ṣé ọwọ́ rẹ̀ tún ń hun ni?" Háà. Ó wá yé mi. Bàbá ti yege ìdánwò. Bàbá Rùkáyàt ló sì dìde dúpẹ́ lórúkọ ẹbí. Ó sunkún, ó fi ẹran nu ẹnu.

Mo lè dánu dúró níbí, kí n fi ibínú parí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Alága wá gbowó lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó, ó ń wò mí. "Ọmọ, kí lorúkọ rẹ?" Mo ní Misturat ni, ọmọ ọmọ Bàbá Àlàárì. "Háà, ọmọ dáadáa," ni ó wí. "Bàbá ńkọ́?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní, "Wọ́n ti kú, sà. Ẹ̀yin lẹ pa màlúù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó sọ ọ́ kíákíá, ó fọwọ́ nu iwájú orí. Ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kò wọlé. Ó tún tẹ òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi ń sáré bí ehoro lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó forí lé ọ̀nà tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Mo sáré bá a, mo fi káàdì sí i lọ́wọ́, mo yí i sí ọ̀nà ilé. Ẹ̀yin tó ń pè mí ní ọmọ burúkú, ẹ rántí ìyẹn náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, mo wò ó lábẹ́ àtíbàbà. Ó jókòó sídìí òfì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń hun. Aṣọ náà gún régé. Mi ò yọ̀, mi ò sì ṣépè. Ṣùgbọ́n ara mi tutù, nítorí òfin tí ó fi lé Bàbá wọ inú koríko, lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè rèé, mi ò sì ní gba àdúrà dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá pé ogójì, kí ẹgbẹ́ gbé àpótí náà síta, kí a ṣí i lójú gbogbo wa, kí wọ́n sọ iye tó ti bọ́ òkú àti iye tó ti bọ́ alààyè. Kí ẹni tó lọ́wọ́ sí i pé kí wọ́n dán ọwọ́ wò nígbà tí nọ́ọ̀sì ní orí ni, kó dúró sójú agbo, kó sọ ọ́ fún màmá mi lójú kojú pé òun ṣẹ̀. Kí Bàbá Rùkáyàt wá fi òfì lélẹ̀, òfì o, mi ò sọ pé ẹkún. Kí wọ́n mú ọ̀dà, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ òmíràn tó mọ̀ pé ahunṣọ ní orí. Ẹ̀yin ìjọba tí ẹ máa ń gba ọ̀nà eléruku wa wá gba ìbò, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín: nínú gbogbo ilé ìwòsàn tí ẹ kun ọ̀dà sí ní Òkè-Ògùn, ta ni ẹ gbà síbẹ̀ tó mọ àìsàn yìí, tí ẹni tí kò ní ewúrẹ́ tí á tà lè tọ̀ lọ?

Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́rùn Alága. Kó mú un wá lọ́jọ́ náà. Bí kò bá wá rántí ibi tó fi í sí, kó má dààmú, kó jókòó sídìí òfì rẹ̀, kó máa hun, ẹnikẹ́ni ò ní gbé òfì kúrò níwájú rẹ̀. Àwa la máa wá kọ́kọ́rọ́. Àwa la máa ṣí àpótí. Owó àkọ́kọ́ tó bá sì jáde níbẹ̀, owó ẹni tó máa bá a jókòó la máa fi san.